Lẹ́tà Kẹwàá

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àlàmísì kan nígbà òjò ọdún 1999, Ràfíátù télọ̀ gba àárín ìlú Ẹ̀jìgbò kọjá láì kí ẹnì kankan. Àwọn tó kí i, kò dá wọn lóhùn. Obìnrin kan bi í pé aṣọ òun ńkọ́, ó ní kó lọ máa wọ èyí tó wà lára rẹ̀ ná. Téèpù tó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, sísọ́ọ̀sì rẹ̀ wà nínú báàgì, inú sì ń bí i débi pé bí wọ́n bá gbé ìkòkò ẹ̀wà lé e láyà, á jinná kó tó dé ọ̀nà Ìwó.

Kàsímù ló ń bí i nínú. Ẹ gbọ́ mi o, kì í ṣe ọ̀tá, kì í ṣe orogún. Àbúrò rẹ̀ tó fi ẹ̀yìn pọ̀n ni.

Àmínátù, ìyàwó kejì Bùràímọ̀ olóko obì, ló bí àwọn méjèèjì, kò sì bí ju méjì náà lọ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń pe Ràfíátù ní "ẹ̀gbọ́n mi" láyé yìí. Àwọn ará àdúgbò ń pè é ní Ìyá Bọ́látitó, nítorí àkọ́bí rẹ̀. Àwọn oníbàárà ń pè é ní Ìyá Télọ̀. Kàsímù nìkan ló ń pè é ní ẹ̀gbọ́n mi, láti ìgbà tó ti ń fa etí ìró rẹ̀ tẹ̀lé e lọ sódò, títí ó fi di géńdé tó wọ mọ́tò lọ sí Àbíjàn, tó ń tún fíríìjì ṣe lọ́hùn-ún.

Ó ti pé ọdún mọ́kànlá tí Àmínátù ti kú. Ẹ̀gbẹ́ ilé oníyàrá méjì tí Bùràímọ̀ kọ́ fún un ní ọ̀nà Masifa ni wọ́n sin ín sí. Lọ́jọ́ kẹjọ, Kàsímù fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbin igi ọsàn sí ìgbèrí rẹ̀. Gbogbo ẹbí ló mọ̀ pé ìdí igi Àmínátù, ìyẹn àwọn ọmọ tó bí, ló ni ilẹ̀ yẹn, Bùràímọ̀ ló fi ẹnu ara rẹ̀ pín in kó tó kú. Àmọ́ ta ló ní ìwé? Kò sẹ́ni tó ní ìwé.

Ni Àdìsá, ọmọ ìyáálé, bá lọ mú oníbàárà wá. Ọkùnrin olówó kan fẹ́ kọ́ ilé epo síbẹ̀. Ilé epo! Kí táńkà máa yí lórí egungun ìyá wọn! Ràfíátù lọ bá mọ́gàjí, olórí ẹbí, ó kúnlẹ̀, ó sọ ohun tó ń dùn ún. Àdìsá sì dìde níbẹ̀, ó na ọwọ́ agbádá rẹ̀, ó ní, "Ọkùnrin ìdí igi wọn ti gbàgbé ilé. Bí Kàsímù ò bá fẹ́ ká tà á, kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ẹnu obìnrin kọ́ ni wọ́n fi ń dá ilẹ̀ ẹbí dúró."

Ẹnu obìnrin! Bí ẹnu obìnrin bá ń pè wọ́n pé kí wọ́n wá jẹun, wọn a gbọ́ ọ dáadáa, wọn a sì tètè dé.

Mọ́gàjí mi orí síhìn-ín, ó mi orí sọ́hùn-ún, ó ní òun fún wọn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí ọ̀rọ̀ Kàsímù bá dé kí wọ́n tó kí ìrun Alásárì lọ́jọ́ Sátidé tí òun dá, wọn ò ní tà á. Bí kò bá dé, kí Àdìsá mú oníbàárà rẹ̀ wá.

Ràfíátù ò fòyà nígbà náà. Ẹ̀rù kí ni yóò bà á? Ṣé wọn ò ní ímeèlì ni? Nígbà Iléyá tó kọjá, Kàsímù fi àdírẹ́sì ímeèlì ọ̀gá rẹ̀ rán dírẹ́bà sí i, òun náà gba ti Dúrójaiyé ní ọ̀nà Ìwó, ó fi ránṣẹ́. Wọ́n lò ó lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ Iléyá yẹn. Ó kọ̀wé lónìí, èsì dé lọ́la, ó sì dà bí idán lójú rẹ̀. Tẹlifóònù Àbíjàn ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti gbìyànjú ẹ̀ rí, "hẹ́lò, hẹ́lò" ló sọ títí ohùn rẹ̀ fi há. Mọ́tò Àbíjàn ńkọ́? Ó ń gbé lẹ́tà, àmọ́ ẹnì kan ò lè sọ iye ọjọ́ tí yóò lò ní bọ́dà. Ímeèlì ló yá jù. Dúrójaiyé fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ta ni Dúrójaiyé? Ogún ọdún ló fi jẹ́ akọ̀wé ní gáréèjì, níbi tí mọ́tò Àbíjàn ti ń kó èrò. Òun ló ń kọ orúkọ èrò sínú ìwé, òun ló ń nàka sí dírẹ́bà pé ó yá, gbéra. Nígbà tí ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí dùn ún, ó fi gáréèjì sílẹ̀, àna rẹ̀ sì gbé kọ̀ǹpútà kan wá fún un láti Ìbàdàn, èyí tí ilé iṣẹ́ kan ti kó dànù. Ó kọ "Bísínẹ́ẹ̀sì Sẹ́ńtà" sí ara ìlẹ̀kùn, ó jókòó. Kọ̀ǹpútà náà ti darúgbó. Bí wọ́n bá tàn án, á máa kùn, á máa mí hẹlẹhẹlẹ, ènìyàn á kírun rakáà méjì tán kí ojú rẹ̀ tó là. Àwọn oníbàárà a sì máa da ìbéèrè bo Dúrójaiyé. Nígbà tó sú u, ó kọ ìdáhùn sára páálí, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri:

*Ṣé lẹ́tà mi ò ní tutù bí òjò bá ń rọ̀?* Kò ní tutù.

*Ṣé ẹni tí mo kọ ọ́ sí máa rí ojú mi?* Kò ní rí i.

*Ṣé mo lè fi gaàrí sí i?* Rárá o. Ẹ lọ sí gáréèjì.

*Kí ló dé tí ẹ̀rọ yín ń fà?* Àgbà ni. Ẹ bọ̀wọ̀ fún un.

*Kí ló dé tí èsì mi ò tíì dé?* Ẹ bi ẹni tí ẹ kọ̀wé sí.

Lọ́jọ́ tí mọ́gàjí dájọ́ gan-an ni Ràfíátù ti lọ kọ lẹ́tà rẹ̀. Ó ń sọ, Dúrójaiyé ń fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́. *Kàsímù, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, fi ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ ránṣẹ́ sí mọ́gàjí. Àdìsá fẹ́ ta ibi tí ìyá wa sùn sí.* Nígbà tó tán, Dúrójaiyé tẹ ibì kan, lẹ́tà náà sì pòórá lójú ẹ̀rọ. Ó ní, "Ó ti kúrò lọ́wọ́ wa." Ràfíátù dúpẹ́, ó lọ sílé.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá. Ó padà wá. "Ṣé èsì ti dé?" Dúrójaiyé nàka sí ìlà tó gbẹ̀yìn lára páálí. Ẹ bi ẹni tí ẹ kọ̀wé sí. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó tún wá, ọkùnrin náà ò tilẹ̀ gbójú sókè, ìka rẹ̀ ló gbé. Ẹ bi ẹni tí ẹ kọ̀wé sí. Ọjọ́ Àtàlátà ọ̀sẹ̀ kẹta, bákan náà. Àwọn ìyàwó ẹbí ti bẹ̀rẹ̀ sí wò ó tàánútàánú. Ìyàwó Àdìsá tilẹ̀ gbé aṣọ wá fún un pé kó bá òun rán an, òun fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ sí ibi ìpàdé Sátidé. Ẹ gbọ́ ìwọ̀sí! Ó ní kí Ràfíátù fi lésì sọ́rùn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ lésì yẹn ló mú un gbaná jẹ. Ó ju aṣọ náà sílẹ̀, ó gbé báàgì, ó jáde lọ́sàn-án Àlàmísì yẹn. Àṣé Kàsímù lè ṣe èyí sí òun! Ọmọ tí òun fi oúnjẹ ẹnu òun bọ́! Ọmọ tó jẹ́ pé òun ló fọ ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ tí àdá ṣá a lóko! Àbíjàn ti jẹ orí rẹ̀ ni, kò rántí ìyá tó bí i mọ́.

Bó ṣe wọlé, Dúrójaiyé ń fi àkísà nu ojú kọ̀ǹpútà. "Ẹ káàbọ̀, Ìyá Bọ́látitó. Ẹ jókòó."

"Mi ò jókòó. Ẹ bá mi kọ̀wé sí Kàsímù. Bí mo bá ṣe ń sọ ọ́ ni kí ẹ kọ ọ́. Ẹ má dín in kù, ẹ má sì fi oyin sí i."

Dúrójaiyé fa àga mọ́ra. Ràfíátù dúró lé e lórí, ọwọ́ ní ìbàdí, ó bẹ̀rẹ̀:

"*Kàsímù, èmi Ràfíátù ni. Mo bẹ̀ ọ́, o ò dá mi lóhùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń wo ọ̀nà. Ní ọ̀túnla, wọ́n máa ta ojú oórì ìyá wa fún elépo. Ìwọ lo gbin ọsàn síbẹ̀, ìwọ náà lo jẹ́ kí wọ́n hú u. Láti òní lọ, má pè mí ní ẹ̀gbọ́n mọ́. O ò gbọdọ̀ fi ẹnu rẹ pè é. Mi ò ní àbúrò. Ọmú ìyá wa tí a jọ mu ni yóò ṣèdájọ́ láàrin wa.*"

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Èpè ọmú ìyá kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi ẹnu dá lásán. Akọ̀wé tó bá mọ ohun tó ń ṣe á gbé ọwọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ, á ní, "Ìyá Bọ́látitó, ẹ mí ná, ẹ mu omi." Dúrójaiyé ńkọ́? Ńṣe ni inú ẹ̀ ń dùn, ìka méjèèjì ń sáré, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó tẹ ibi tó máa ń tẹ̀, lẹ́tà náà pòórá. Ló bá pàtẹ́wọ́.

"Alihamudulilai! Ó pé mẹ́wàá! Mọ́tò kún!"

"Mọ́tò wo?" ni Ràfíátù wí.

"Àwọn lẹ́tà ni mo ń sọ. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo ti ń wá láti ìjẹta." Ó ti tẹ ibòmíràn, àpótí kékeré tó so mọ́ wáyà tẹlifóònù bẹ̀rẹ̀ sí ké wíìì, ó ń pe Ìbàdàn. "Òjò yìí ò jẹ́ kí èrò wá. Gbogbo ènìyàn wà lóko. Ẹ tilẹ̀ wò ó, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ wọlé, ẹ̀yin náà lẹ tún wá dí àyè tó kù. Ẹ ṣeun o."

Ràfíátù wo ojú ẹ̀rọ náà. Orúkọ lẹ́tà mẹ́wàá tò síbẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ti òun ló wà lókè pátápátá, ti òun náà ló wà nísàlẹ̀ pátápátá.

"Bàbá Dúrójaiyé," ó rọra sọ ọ́, "ṣé ohun tí ẹ ń sọ ni pé lẹ́tà tí mo kọ lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, inú yàrá yìí ló ṣì wà?"

"Ó wà nínú àpótí àwọn tó ń lọ. Ṣé ẹ rí i, ẹ̀rọ yìí máa ń kó wọn jọ ná. Mọ́tò kì í gbéra láì kún, Ìyá Bọ́látitó. Ta ní í fi èrò kan ṣoṣo gbéra lọ Àbíjàn? Nígbà Iléyá, èrò pọ̀, ojoojúmọ́ là ń gbéra. Nígbà òjò, à ń ṣe sùúrù."

"Ẹ sọ fún mi pé ó ti kúrò lọ́wọ́ wa!"

"Ó kúrò lọ́wọ́ wa lóòótọ́. Ó wà lọ́wọ́ ẹ̀rọ."

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bi yín! Ẹ̀ẹ̀mẹta!"

"Èsì lẹ bèèrè," ni Dúrójaiyé wí, ó sì nàka sí páálí. "Ẹ ò bèèrè bóyá a ti gbéra."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Ó nàka sí páálí! Bí ọlọ́gbọ́n ẹ̀dá bá wà níbẹ̀, á gé ìka yẹn.

Ojú ẹ̀rọ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹyọ kìíní nínú mẹ́wàá ti lọ. Ẹ̀bẹ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn nìyẹn, ìsinsìnyí ló ń dìde. Ẹyọ kejì lọ. Orí Ràfíátù sì ṣí, ó rí ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Kàsímù ò gba lẹ́tà kankan. Kàsímù ò mọ nǹkan kan. Èpè ọmú ìyá ló jókòó sẹ́yìn mọ́tò yìí, ó ń lọ bá a.

"Ẹ dá a dúró! Ẹ sọ èyí tó kẹ́yìn kalẹ̀!"

"Háà, bó bá ti gbéra—"

"Dúrójaiyé! Sọ ọ́ kalẹ̀!"

Láti ìgbà tí wọ́n ti bí Ràfíátù, kò fi orúkọ pe ẹni tó fi bí ogún ọdún jù ú lọ bẹ́ẹ̀ rí. Ọkùnrin náà di máòsì mú, ó ń fà á síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó ń tẹ̀ ẹ́ kọ́kọ́kọ́. Àgbà ẹ̀rọ yẹn ò dá a lóhùn. Ẹyọ kẹrin lọ. Ẹyọ karùn-ún lọ. "Kì í gbọ́ nǹkan méjì pọ̀," ni Dúrójaiyé ń wí, òógùn ti bò ó, "bó bá ń ṣe ọ̀kan, kì í gbọ́ èkejì, mo ti sọ fún yín pé àgbà ni!"

Ẹyọ kẹfà. Ìkeje. Ìkẹjọ. Ràfíátù tọwọ́ bọ inú báàgì, ó yọ sísọ́ọ̀sì, sísọ́ọ̀sì ńlá tó fi ń gé aṣọ òkè. Ó wọ abẹ́ tábìlì, ó ń wá wáyà tẹlifóònù.

"Ẹ má gé e o! Lẹ́tà ẹni mẹ́jọ wà nínú mọ́tò yẹn!"

"Àwọn ò ṣépè fún ẹnì kankan! Wọ́n lè dúró!"

Ẹyọ kẹsàn-án fà díẹ̀. Lẹ́tà Olújídé tíṣà ni, ará Ifẹ̀-Ọ̀dàn, tó máa ń kí gbogbo ará ilé lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó sọ ohun tó fẹ́. Lọ́jọ́ yẹn, Ọlọ́run nìkan ló mọ bí Ràfíátù ṣe súre fún ìkíni Olújídé. Wáyà mẹ́ta ló wà lábẹ́ tábìlì, eruku bò wọ́n. Èwo ni ti tẹlifóònù? Ó di àkọ́kọ́ mú, iná ni. Ó di èkejì mú, ó tọ̀ ọ́ lọ síbi àpótí tó ń ké, òun náà ni. Ó fi ẹnu sísọ́ọ̀sì há a.

"Ó ti lọ," ni Dúrójaiyé wí lókè.

Ràfíátù ò gbéra níbi tó kúnlẹ̀ sí. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lára sísọ́ọ̀sì, ẹnu sísọ́ọ̀sì ṣì wà lára wáyà, inú rẹ̀ sì ń sọ fún un pé kó gé e bẹ́ẹ̀ náà, kó gé e jálẹ̀, kó gé tábìlì, kó gé páálí, kó gé Dúrójaiyé pàápàá. Ká ní ó gé e ni, ohun tó tẹ̀lé e ì bá má dé.

"Méjì ń bọ̀ wọlé," ni Dúrójaiyé tún wí. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Ìyá Bọ́látitó... ọ̀kan wá láti Àbíjàn."

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń ké kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, ó ń pọ ìwé náà jáde ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ràfíátù já a gbà kó tó tú u sílẹ̀ tán. Ọjọ́ tó wà lókè rẹ̀ ti pé ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ó ti wà ní Ìbàdàn láti ọjọ́ náà, ó ń retí kí mọ́tò Dúrójaiyé gbéra wá gbé e.

*Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ilé. Ẹ̀gbọ́n mi, Mùíbì dírẹ́bà dé síbí lánàá, ó sọ ohun tí Àdìsá ń ṣe fún mi. Mo sunkún bí ọmọdé níwájú ọ̀gá mi. Ẹ ka èyí sétí mọ́gàjí: Èmi Kàsímù, ọmọ Bùràímọ̀, ọmọ Àmínátù, mi ò fọwọ́ sí i. Igi ọsàn tí èmi àti mọ́gàjí gbìn síbi orí ìyá mi lọ́jọ́ kẹjọ, tí wọ́n bá mi di gbòǹgbò rẹ̀ mú, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má jẹ́ kí àyà yín já. Bí mi ò bá rí èsì yín, mo mọ̀ pé ẹ̀rọ ni, kì í ṣe ẹ̀yin.*

Ó kà á dé ibẹ̀, ó dúró. Ó tún un kà. Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ ni, kì í ṣe ẹ̀yin. Ọmọ yẹn ò tilẹ̀ ronú ibi sí i fún ìṣẹ́jú kan. Òun àgbà, òun ẹ̀gbọ́n, òun ti ń gbé èpè kiri ìlú láti ọ̀sán.

"Ẹ kọ lẹ́tà míì," ó wí. "Ẹ kọ ọ́ pé, *Kàsímù, lẹ́tà kan ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ, má kà á. Inú ló bí mi.*"

Dúrójaiyé tẹ̀ ẹ́. Ó pòórá. Ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu ọkùnrin náà lẹ́yìn ìyẹn, mi ò mọ̀ bóyá àṣà gáréèjì ni tàbí orí rẹ̀ ni kò pé. Ó ní, "Ó di ẹyọ kan. Ó ku mẹ́sàn-án."

Ràfíátù la ẹnu sísọ́ọ̀sì, ó gbé e lé orí tábìlì bẹ́ẹ̀.

"Ẹ má bínú," ni Dúrójaiyé sáré wí, "ẹ má bínú, ẹnu mi ni. Màá gbé ẹyọ kan yìí lọ bẹ́ẹ̀, kíá."

"Rárá o! Ṣebí mọ́tò yín kì í gbéra láì kún? Màá kún un fún yín. Mo ṣátà rẹ̀, èmi nìkan ni èrò. Bí lẹ́tà bá dé lọ́hùn-ún, èwo ní í wà lókè?"

"Èyí tó dé kẹ́yìn ní í wà lókè."

"Ó dáa. Ẹ kọ mẹ́wàá lé e lórí. Ẹ sin èyí tó wà nísàlẹ̀ fún mi."

Ó jókòó wàyí. Ó ń sọ, ọkùnrin náà ń tẹ̀. Ìkejì ní, *Èsì rẹ ti dé, Ọlọ́run á bù kún ọ, má ka ti ìsàlẹ̀.* Ìkẹta ní, *Ẹ̀rọ ni, kì í ṣe ìwọ.* Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, ìbínú tún gun Ràfíátù, ó ní, "Ẹ kọ ọ́ pé, *Dúrójaiyé ló jẹ̀bi, kò lórí, mọ́tò ló fi ń kó ímeèlì.*" Dúrójaiyé wò ó. Ó wo sísọ́ọ̀sì. Ó fi ìka ara rẹ̀ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, ó tilẹ̀ fi àmì sí i níbi tó yẹ. Nígbà tó fi máa di ẹlẹ́ẹ̀kẹwàá, ìbínú ti rẹ̀ ẹ́, omijé ló ń bọ̀. Ẹlẹ́ẹ̀kẹwàá ò gùn. *Kàsímù, ẹ̀gbọ́n rẹ ni.*

Wọ́n ń pe ìrun Mọ̀gàríbà nígbà tí àpótí kékeré náà tún ké wíìì. Mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lọ.

Lọ́jọ́ Sátidé, Ràfíátù dìde láàrin ẹbí, ó ka ìwé Kàsímù. Àdìsá ń rẹ́rìn-ín ìyẹ̀yẹ́. "Ìwé ẹ̀rọ! Kò sí ọwọ́, kò sí àtẹ̀ka. Ta ló mọ ẹni tó sọ ọ́?" Ṣùgbọ́n mọ́gàjí ti gbà á lọ́wọ́ Ràfíátù, ó ní kí wọ́n tún ibi igi ọsàn kà sí òun létí. Wọ́n tún un kà. Bàbá náà ní, "Àwa méjì péré ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Èmi ni mo di gbòǹgbò rẹ̀ mú. Kàsímù ló sọ̀rọ̀." Ó kọjú sí Àdìsá, ó ní kó lọ dá oníbàárà rẹ̀ padà. Kí Àdìsá máa rojọ́, kí ó máa fẹ̀! Ìyàwó rẹ̀ jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú aṣọ tí kò ní lésì.

Lọ́jọ́ Àtìní, Ràfíátù kọ lẹ́tà kan pé ilẹ̀ ò bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹyọ kan ṣoṣo ni, Dúrójaiyé sì gbéra láì bèèrè ohunkóhun. Ó ti fa ìlà tó kẹ́yìn ya kúrò lára páálí. Láti ìgbà náà, ojoojúmọ́ ló ń pe Ìbàdàn, bó ní èrò, bí kò ní èrò.

Èsì dé lọ́jọ́ Àlàmísì. Dúrójaiyé fúnra rẹ̀ ló gbé e sáré wá sí ṣọ́ọ̀bù, òjò ń pa á.

*Ìyá Bọ́látitó, ẹ kú ilé, ẹ kú iṣẹ́. Lẹ́tà yín dé, mẹ́tàlá ni gbogbo rẹ̀. Ẹ ní kí n má ka èyí tó wà nísàlẹ̀, mi ò kà á, ẹ má da ara yín láàmú. Inú mi dùn pé ilẹ̀ ìyá wa wà lọ́wọ́ wa. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ mọ́gàjí. Mo ti ní kí Mùíbì gba ibẹ̀ kọjá kó bá mi wò ó bóyá ọsàn ti so. Ẹ bá mi kí àwọn ọmọ. Kí Ọlọ́run ṣọ́ yín. Èmi ni, Kàsímù.*

"Ẹ rí i?" Ẹ̀rín kún ẹnu Dúrójaiyé. "Kò kà á! Mo sọ fún yín pé mẹ́wàá tó wà lókè máa bò ó."

Ràfíátù náà rẹ́rìn-ín. Ó tún ìwé náà kà láti òkè. Nígbà tó kà á lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀, ó ń fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ tó sọnù sára aṣọ. Ìyá Bọ́látitó wà níbẹ̀, bí àwọn ará àdúgbò ṣe ń pè é. Ẹ wà níbẹ̀. Yín wà níbẹ̀. Àdúrà wà níbẹ̀, ọ̀wọ̀ wà níbẹ̀, ohun gbogbo tí àbúrò rere fi ń kọ̀wé sí àgbà wà níbẹ̀. Ó yí ẹ̀yìn ìwé náà, kò sí nǹkan kan lẹ́yìn.

"Bàbá Dúrójaiyé," ó wí, "ẹ bá mi wò ó bóyá ẹ̀rọ yín ti já ọ̀rọ̀ kan kù. Bóyá níbẹ̀rẹ̀."

Dúrójaiyé gba ìwé náà, ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀, ó wò ó lókè, ó wò ó nísàlẹ̀.

"Gbogbo ohun tó kọ ló dé, Ìyá Bọ́látitó."